Ẹrọ̀fọ̀ Etí Adágún: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Láàárín Òkè

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ó tíì pé tí ẹrọ̀fọ̀ gbé mi mì dé itan ní etí adágún omi kan láàárín òkè, àtẹ́lẹsẹ̀ mi òsì kò sì tíì jinná. Mo ń kọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lára mi, nítorí ó dá mi lójú pé ẹ̀yin tí ẹ máa ń rin àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó yí adágún ká ti dúró rí ní irú ibi tí mo dúró sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí ẹ ń wo ọ̀nà yín ní òdìkejì, tí ọkàn yín sì ń sọ pé kí ẹ gba àárín ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ kọjá. Ẹ má gba àárín kọjá. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní àyè láti ka ìyókù, ẹ ṣáà mú ìyẹn lọ́wọ́.

Adágún tí mo ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ó wà níbẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Dáàmù ni wọ́n fi dínà odò ní ẹnu àfonífojì, omi wá kún ẹ̀yìn ògiri rẹ̀, ó sì wọ gbogbo kòtò àárín òkè lọ bí ìka ọwọ́ tí a yà. Ẹni tí ó bá dúró lórí ògiri dáàmù yóò rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ni ojú kì í rí àwọn apá omi tí ó yà sí ẹ̀yìn òkè. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kò sì lè fo ọ̀kankan nínú wọn: ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé etí apá kọ̀ọ̀kan wọlé títí dé ibi tí odò kékeré ti ń ṣàn bọ́ sínú rẹ̀, kí ó sọdá níbẹ̀, kí ó tó padà jáde ní òdìkejì. Ìdí nìyí tí ibi tí ènìyàn lè ju òkò dé fi lè gbà á ní wákàtí kan.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin ni a jọ lọ. Kìlómítà 19 ni àyíká náà, gígun òkè inú rẹ̀ sì tó mítà 700 tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo sọ fún un pé wákàtí mẹ́rin yóò tó wa, nítorí ìṣirò ilẹ̀ títẹ́jú ni mo fi ṣe é. Kì í ṣe pé n kò mọ ìṣirò tí ó tọ̀nà. William Naismith, ará Scotland tí ó máa ń gun òkè, ti là á sílẹ̀ láti ọdún 1892, ohun tí àwọn arìnrìn-àjò orí òkè sì ń lò títí di òní ni pé kí a ka wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí a bá gùn. Tí mo bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ǹ bá rí i pé ìrìn náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wá ní wákàtí márùn-ún láìsí ìsinmi kankan. Aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ni a bẹ̀rẹ̀. A dúró ya àwòrán, a jókòó jẹun, a tún jókòó. Ọdún kẹfà nìyí tí mo ti ń rin òkè, àwọn kan sì ti ń sọ fún mi láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ pé ó yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà pé mo ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n n kò gbà pé àìbìkítà ni, nítorí ọ̀nà tí ènìyàn rò pé òun mọ̀ ni ó máa ń tàn án jù.

Nígbà tí ó fi máa di aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oòrùn ti bọ́ sí ẹ̀yìn òkè. Aago mẹ́fà ni ó yẹ kí ó wọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àfonífojì, òkè ni ó ń pinnu ìgbà tí ilẹ̀ yóò ṣú. Òtútù dé lẹ́ẹ̀kan náà. A dé etí apá omi tí ó kẹ́yìn, a sì rí i pé omi ti fà sẹ́yìn gan-an, tí ìsàlẹ̀ adágún wà ní gbangba, tí ó gbẹ, tí ó sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ọ̀nà wa hàn kedere ní òdìkejì, kò ju igba mítà lọ. Máàpù ń sọ pé kìlómítà 3 ni yíyí i ká. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀nà." Èmi ni mo ní kí ó dúró lórí òkúta kí n kọ́kọ́ dán ilẹ̀ náà wò.

Ìgbésẹ̀ bí ogún àkọ́kọ́ ń dún lábẹ́ bàtà mi bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ àfọ́kù ìkòkò. Lẹ́yìn náà, ìró náà dákẹ́, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ó yẹ kí n ti padà níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjì sí i, èèpo ilẹ̀ náà ya, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sì wọlé dé orúnkún. Mo ṣe ohun tí ara máa ń sọ fún ènìyàn láti ṣe: mo fi gbogbo agbára tẹ ẹsẹ̀ òsì kí n lè fa ọ̀tún yọ. Òsì bá wọlé kọjá orúnkún. Bí mo ṣe ń jà sí i ni mo ń wọlé sí i, títí ẹrọ̀fọ̀ náà fi dé itan mi. Ó tutù dé inú egungun, ó ń rùn bí ewé tí ó ti jẹrà tipẹ́, nígbàkígbà tí mo bá sì gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọwọ́ kan wà nísàlẹ̀ tí ó di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀. Mo pariwo mọ́ ọn pé kí ó dúró. N kò pariwo mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti bí i. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n ṣe?" N kò ní ìdáhùn kankan fún un. Fóònù rẹ̀ kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nítorí òkè ti ká wa mọ́. Ó yọ fèrè, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó tún bẹ̀rẹ̀, bí mo ti kọ́ ọ pé a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ lórí òkè. Ohùn fèrè náà lu òkè, ó sì ń padà bọ̀ wá bá wa, kò sí ẹlòmíràn tí ó dáhùn. Ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí jù ni omi. Adágún tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná lè kún tàbí kí ó fà láàárín wákàtí díẹ̀, omi kò sì ju ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ibi tí mo wà. Òkúta funfun kékeré kan wà ní etí rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ òkúta náà, mò ń wò ó bóyá omi ti ń bò ó, mo sì ń ronú ohun tí àbúrò mi yóò sọ fún ìyá wa.

Omi kò bò ó. Níkẹyìn mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí báàgì mi, mo ń yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan po díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, àwọn méjèèjì jáde. Bàtà òsì kò bá mi jáde. Mo rá padà, a yí apá omi náà ká, a sì dé ògiri dáàmù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ nípa ilẹ̀ yẹn ni pé gbígbẹ rẹ̀ kò ju ojú lásán lọ. Odò máa ń gbé ẹrẹ̀ kíkúnná bọ̀ láti orí òkè, níbi tí ó bá sì ti pàdé omi adágún tí kò ṣàn, eré rẹ̀ á dínkù, á sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, orí apá omi, ìyẹn ìpẹ̀kun rẹ̀ tí odò ń gbà wọlé, níbi tí ó ti ń wu ènìyàn jù láti gé ọ̀nà kúrú, ni ẹrẹ̀ ti máa ń jìn jù. Nígbà tí wọ́n bá fa omi sílẹ̀, oòrùn á mú ojú rẹ̀ gbẹ, á sán, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nínú ìyókù. Sísán tí ó sán kì í ṣe ẹ̀rí pé ó le. Mo ti rí i pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara mi.

Ẹ̀kọ́ kejì, tí kò jìnnà sí èyí, ni pé kí a dá aago ìpadà kí a tó kúrò nílé, kí a sì pa á mọ́. Bí a bá ti padà ní aago mẹ́ta, ǹ bá má ti dúró sí etí ẹrọ̀fọ̀ rárá, nítorí ilẹ̀ tí ń ṣú ni ó ń ti ènìyàn sí ọ̀nà àbùjá. Kí olúkúlùkù ní tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ pẹ̀lú. Pátákó ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, òótọ́ ni, mo sì rí i, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ nípa wíwẹ̀ nínú omi ni wọ́n kọ sí i. Kò sí ẹni tí ó kọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín ná, ẹ má fa ẹsẹ̀ tagbára-tagbára, nítorí bí ẹ ṣe ń fà á ni afẹ́fẹ́ kò fi ní ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, ibi náà á sì máa fà yín padà. Ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn kí ara yín tẹ́, kí ẹ máa yí ẹsẹ̀ po díẹ̀díẹ̀ kí omi lè ráyè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ̀kan ṣáájú èkejì. Ẹni tí ó bá wà lórí ilẹ̀ líle kò gbọdọ̀ wọlé tẹ̀ lé yín, bí ó ti wù kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ tó. Báàgì tàbí ọ̀pá ni kí ó nà sí yín. Ká ní àbúrò mi kò dúró nígbà tí mo pariwo ni, àwa méjèèjì ni ì bá wà nínú rẹ̀.

Ó ti sọ pé òun fẹ́ kí a padà lọ parí ìrìn náà nígbà tí ẹsẹ̀ mi bá jinná. Aago méje àárọ̀ ni a óò bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, a ó sì rin gbogbo kìlómítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó yí apá omi yẹn ká.