Gbèsè Tí Kò Ní Padà Wọlé Náà Ní Àyè Tirẹ̀ Nínú Ìwé

Ìwé àwìn màmá mi jẹ́ ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle tí wọ́n máa ń fi rọ́bà dè kí ojú ewé rẹ̀ má baà tú. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn, oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé náà: aṣọ tí ó gbé, iye ìdì rẹ̀, iye owó rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó ṣèlérí láti san án. Bí ènìyàn bá san owó tán, wọn a fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó tán tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn yẹ ìwé náà wò, mo rí àwọn ojú ewé kan tí ìlà pupa kò kàn rárá láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, síbẹ̀ tí màmá mi ń ka owó inú wọn mọ́ ohun tí wọ́n ní. Ní ọdún kan, wọ́n gbójú lé owó yẹn, wọ́n lọ gba ọjà tuntun lọ́wọ́ ẹni tí ń pín in fún wọn. Nígbà tí ẹni náà wá gba owó rẹ̀, èésú tí wọ́n kó ni wọ́n fi san án.

Àwìn kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí a mọ̀ sí Òṣómàáló, tí wọ́n kiri aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún 20, orí àwìn ni òwò wọn dúró lé: wọn a gbé aṣọ fún ènìyàn, wọn a dá ọjọ́ owó, bí ọjọ́ bá sì pé, wọn a wá lóṣòó sí ilé onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Lílóṣòó yẹn ni orúkọ wọn ti wá. Mo bọ̀wọ̀ fún ìforítì wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ogójì oníbàárà tí wọ́n fọ́n káàkiri, tí òmíràn kò sì jù nọ́ńbà fóònù lọ fún un, kò lè lóṣòó sí ilé gbogbo wọn. Ìwé ni yóò bá a ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọjọ́ tí ọjà bá kúrò ní ìsọ̀ bọ́ sí ọwọ́ oníbàárà, lẹ́yìn tí a ti jọ fẹnu kò lórí iye rẹ̀, ni títà ti ṣẹlẹ̀, yálà owó wọlé tàbí kò wọlé. Ibi méjì ni a ó kọ ọ́ sí lọ́jọ́ náà: abẹ́ ọjà tí a tà, àti abẹ́ owó tí ó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Bí ó bá wá san án lóṣù tí ń bọ̀, a kò ní fọwọ́ kan ọjà tí a tà mọ́. Owó náà kàn ṣí kúrò lọ́wọ́ oníbàárà wá sí àpótí tàbí báǹkì ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọjà tuntun lọ́jọ́ tí owó wọlé, tí aṣọ kan ṣoṣo a sì di títà lẹ́ẹ̀méjì nínú ìwé wọn.

Èyí tí ó le jù ni ti owó tí kò ní padà. Àwọn kan máa ń dúró títí ó fi dájú pé gbèsè náà ti kú kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ewu ibẹ̀ ni pé ọdún tí a ta ọjà ni ìwé yóò sọ pé a jèrè ńlá, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni àdánù yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn, nígbà tí a ti ná èrè náà tán. Irú ìdádúró yìí wà lára ohun tí wọ́n bá àwọn báǹkì àgbáyé wí lẹ́yìn wàhálà owó ọdún 2008, òun ló sì bí IFRS 9, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, tí ó ní kí ilé-iṣẹ́ máa ṣírò àdánù tí ó ń retí láti ọjọ́ tí ó ti tàwìn, kí ó má dúró de ìgbà tí onígbèsè bá sá lọ. Kò sí ẹni tí yóò wá fi ìlànà yẹn mú onísọ̀ kan ní Gbági, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ wúlò fún un.

Bí a ti ṣe é nìyí. Ní ìparí oṣù Kejìlá, owó tí ó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà jẹ́ ₦680,000. A tò ó gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀: ₦300,000 kò tíì ju oṣù kan lọ, ₦200,000 ti wọ oṣù kejì, ₦80,000 wà nínú oṣù kẹta, ₦100,000 sì ti kọjá oṣù mẹ́ta. Ìwé àtijọ́ náà ló sọ ohun tí a ó retí fún wa, torí a ka iye tí ó sọnù nínú irú gbèsè kọ̀ọ̀kan láti ọdún mẹ́rin. A fi ìdá 2 nínú 100 sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, ìdá 10 fún èkejì, ìdá 30 fún ẹ̀kẹta, àti ìdá 60 fún èyí tó pẹ́ jù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦110,000. A yọ iye yìí kúrò nínú èrè ọdún náà, a sì kọ ọ́ sí ojú ewé ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí owó àyọsílẹ̀. Owó tí màmá mi lè gbójú lé wá di ₦570,000.

Lára àwọn gbèsè àtijọ́ ni ti obìnrin kan tí ó gbé ìdì àǹkárá 15 fún aṣọ ẹbí ìsìnkú, ₦45,000. Ó gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ màlúù ni owó náà bá lọ. Nígbà tí mo ní kí a yọ orúkọ rẹ̀, ojú màmá mi korò.

“Ṣé kí n wá fi owó mi jin ẹni tó jẹ mí ni?”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìwé nìkan ni a ń tún ṣe, gbèsè ṣì wà lọ́rùn obìnrin náà. Mo fi han wọ́n lórí pépà: owó ọwọ́ oníbàárà já sí ₦635,000, owó àyọsílẹ̀ já sí ₦65,000, ohun tí ó ṣẹ́ kù sì tún jẹ́ ₦570,000 gan-an. Kò dín kọ́bọ̀, nítorí pé ọjọ́ tí a yọ owó sílẹ̀ ni a ti gba àdánù náà mọ́ra. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fúnra wọn kí wọ́n tó gbà. Wọ́n wá ní àwọn kò lè fi bírò pupa fa ìlà lé ẹni tí kò sanwó. Wọ́n ra aláwọ̀ ewé.

Nígbà tí Iléyá ọdún tó kọjá ku ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin náà mú ₦20,000 wá. Inú màmá mi dùn, wọ́n sì fẹ́ kọ ọ́ mọ́ ọjà ọjọ́ náà. Mo ní rárá, nítorí a kò ta nǹkan kan fún un lọ́jọ́ náà. A kọ́kọ́ dá ₦20,000 padà sí ojú ewé rẹ̀ àti sínú owó àyọsílẹ̀, lẹ́yìn náà ni a kọ ọ́ pé owó wọlé láti ọwọ́ rẹ̀. ₦25,000 tó kù ṣì wà lábẹ́ ìlà aláwọ̀ ewé, màmá mi sì ń pè é ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan.