Ohun tí Àtòjọ Ìwé Oṣooṣù Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìwé títà, ó ti di ọdún 11 báyìí tí mo ti ń ṣe àtòjọ ìwé ìtàn àròsọ fún àwọn oníbàárà ilé ìtàwé wa n'Ìbàdàn. Bébà kan ṣoṣo ni, a máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù: apá òkè wà fún ìwé tí mo ní kí àwọn ènìyàn kà, apá ìsàlẹ̀ sì wà fún èyí tí kò tíì jáde ṣùgbọ́n tí ó ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Ní oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìwé kan ṣáájú àtòjọ nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ dùn, orí méjì tí mo kà nínú rẹ̀ náà sì dùn. Màmá kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, rà á fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó fi padà wá, tí ó ṣí ìwé náà síbi tí ó fi bébà há sí, tí ó sì ní kí n kà á sókè fún òun. N kò lè kà á. Màmá náà kò bú mi, ohun tí ó béèrè ni pé, "Ọmọ mi, ṣé o kà á tán kí o tó ní kí n rà á?" Láti ọjọ́ náà ni n kò ti kọ orúkọ ìwé tí n kò kà dé ìparí sí apá òkè mọ́. Oṣù kan wà tí ìwé méjì péré wà níbẹ̀, ọ̀gá mi sì bínú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tà tán.

Bí ẹ bá kà á tán, ẹ má kọ ọ́ pé ìwé náà dùn. Ta ni ó dùn mọ́? Ẹ sọ irú ẹni tí yóò gbádùn rẹ̀, kí ẹ sì fi ìgboyà sọ irú ẹni tí kò ní bá lára mu, nítorí pé oníbàárà tí ẹ bá kì nílọ̀ kúrò nídìí ìwé kan yóò gbà yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá yin òmíràn.

Apá ìsàlẹ̀ ni ó fojú mi rí nǹkan jù. Ìwé tí kò tíì jáde, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó fẹ́ tà á nìkan ni a ní lọ́wọ́, àyàfi bí ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ bá fi ẹ̀dà àyẹ̀wò, ìyẹn ẹ̀dà tí a tẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìjádé kí a lè yẹ ìwé náà wò, ránṣẹ́. (Ẹ̀dà àyẹ̀wò kì í ṣe títà o, ẹ má sì fa ọ̀rọ̀ yọ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi wé èyí tí ó jáde gan-an.) Ọjọ́ ìjádé náà kì í ṣe ọjọ́ kan náà káàkiri ayé. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìwé tuntun sábà máa ń jáde. Ní Ìlú Ọba, Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹ̀tọ́ láti tẹ ìwé ni a máa ń tà ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìwé kan lè ní olùtẹ̀wé mẹ́ta, àwòrán ẹ̀yìn mẹ́ta, àti ọjọ́ ìjádé mẹ́ta. Ìgbà mìíràn sì wà tí tiwa ń ṣáájú: ìwé ìtàn àròsọ kẹta tí Wọlé Ṣóyínká kọ, èyí tí ó tẹ̀lé ti ọdún 1973, jáde ní Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2020 kí ó tó jáde ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ní ọdún 2021.

N kò mọ gbogbo èyí nígbà tí mo gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn 14 fún ìwé kan tí mo rí ọjọ́ ìjádé rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn ọjọ́ náà ni páálí tó dé, owó náírà sì ti já wálẹ̀, tí iye tí mo gbà kò fi tó ra ìwé náà mọ́. Apá kan nínú owó oṣù mi ni mo fi dí i. Nísinsìnyí, orílẹ̀-èdè tí ọjọ́ náà wà fún ni mo máa ń kọ síwájú rẹ̀, n kì í sì í gba kọ́bọ̀ títí páálí yóò fi wọlé. Mo tún máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde, àti pé bí wọ́n bá lè mú sùúrù fún bí ọdún kan, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ yóò dé ní owó pọ́ọ́kú.

Ó pẹ́ kí ìwé Yorùbá tó wọ inú àtòjọ mi, nítorí mo gbà pé ohun tuntun ni àwọn òǹkàwé ń retí, àti pé àṣà ìretí náà wá láti òkèèrè. Àṣìṣe ńlá ni. Ní ọdún 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó bí ẹni pé obìnrin náà gan-an ni ó ń kọ lẹ́tà, àwọn ará Èkó sì ń dúró de apá tí ó kàn, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú, títí a fi kó o jọ di ìwé ní ọdún 1930. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, ìwé Yorùbá kan gbọ́dọ̀ wà lókè lóṣooṣù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́. Nígbà tí mo fi ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969 síbẹ̀, awakọ̀ kan tí kì í yà sọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ ra ẹ̀dà méjì, ó ní ọ̀kan wà fún ẹni tí yóò jí tòun.

Àtòjọ oṣù tí ń bọ̀ wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìwé mẹ́rin ni mo ti kà tán, ìkarùn-ún ku ojú ewé 60. Bí n kò bá parí rẹ̀ kí a tó gbé bébà náà lọ tẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, mẹ́rin ni yóò wà lẹ́nu ọ̀nà.