Mi Ò Mọ̀ọ́mọ̀ Wó Ilé Ìdáná Mi, Elégédé Ni

Gbogbo àdúgbò wa ní Apẹ̀tẹ́, nílùú Ìbàdàn, ló ti gbà pé ńṣe ni mo dìídì wó ilé ìdáná mi. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní oríta ti sọ mí ní Ìyá Katapílà. Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, kò tilẹ̀ bá mi jà. Ó kàn ń wò mí ṣáá ni, bí ẹni tó rí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà lóru. Mo ti fi Bíbélì búra fún un. Ó ku kí n fi elégédé búra, nítorí òun gan-an ló ṣe é.

Ọdún 2009 la kó wọ ilé yìí. Káfíńtà tó bá wa kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná nígbà náà ní títí ayé ni. Ayé tó ń sọ kò ju ọdún márùn-ún lọ. Ikán yọ láti ìdí ògiri, wọ́n la ọ̀nà amọ̀ tín-ín-rín kan gba ẹ̀yìn agolo mílíìkì gòkè, bí ẹni pé ìjọba ló gbé iṣẹ́ títì fún wọn, àmọ́ àwọn parí tiwọn. Lókè, fọ̀máíkà ń dán. Nísàlẹ̀, tí o bá fi ìka kan pákó náà, á dún bíi páálí bisikíìtì tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán. Bàbá Ìbejì bu kẹrosíìnì sí i, ó ra oògùn ikán, ó dà á sí i. Àwọn ikán sinmi fún ọjọ́ méjì, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo wá ní ìwé kan. Ìwé ìṣirò tí Kẹ́hìndé lò ní kíláàsì kẹta ni, àwọn ojú-ewé tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ni mo gbà. Ibẹ̀ ni mo ya ilé ìdáná mi sí. Mo ya fèrèsé tó fẹ̀, kí èéfín ata lè máa rí ọ̀nà gbà jáde dípò kó máa bá àlejò ní pálọ̀. Mo ya táìsì funfun dé òkè. Mo ya ẹ̀rọ omi tí ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti lékelèke, irú èyí tí ìkòkò ńlá á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé láìforí gbá nǹkan. Mo kọ iye owó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá mú ọ̀rọ̀ náà wá, ọkọ mi á ní, "Ìparí ọdún." Kò sọ ọdún tó jẹ́ rí. Èmi náà sì mọ̀ pé símẹ́ǹtì ti wọ́n, èmi kì í ṣe aláìlójú-àánú. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná yẹn!

Ìbàdíàrán ló wá pè mí lórí fóònù. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni, ó ń gbé ní Manchester, ó sì wá lo ìsinmi ní Èkó. Mo ju òun lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà mi ò lè la orúkọ mọ́ ọn lórí.

"Ìyàwó wa, mò ń bọ̀ wá kí yín ní Sátidé o."

"Ẹ máa kálọ, Ìbàdíàrán mi. Ṣé adìyẹ ni kí n pa fún yín àbí kí n lọ wá ẹran ìgbẹ́?"

"Mi ò jẹ ẹran mọ́. Vegan ni mí báyìí."

"Ẹja ńkọ́?"

"Rárá."

"Ẹyin?"

"Rárá o. Mi ò mu mílíìkì, mi ò sì lá oyin."

"Edé bíńtín, tí a fi ta ọbẹ̀ lórùn?"

"Ìyàwó wa, mi ò jẹ ohunkóhun tó bá lójú."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀wà lójú, pé àgbọn tilẹ̀ lójú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ará ilé ọkọ ni. Mo pa ẹnu mi dé. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe ohun tuntun, pé láti ọdún 1944 ni àwọn kan ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn lọ́hùn-ún. Èmi rò ó nínú ara mi pé ogun Hitler ni wọ́n ń jà lọ́wọ́ lọ́dún yẹn, bóyá ẹran ló wọ́n.

Kì í ṣe pé oúnjẹ tí kò lẹ́ran ṣòro nílé Yorùbá. Àkàrà kò lẹ́ran, ẹ̀kọ kò lẹ́ran, ẹ̀wà àti dòdò kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n kí àna ti Manchester wá kí ẹ kó jẹ́ àkàrà lẹ máa gbé fún un? Ìròyìn á ti dé Ìkirè kó tó jẹ ẹ́ tán. Òun fúnra rẹ̀ ló wá dá a lábàá pé kí n se elégédé. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi: "Ó rọrùn gan-an. O kàn máa là á sí méjì ni, o kó kóró inú rẹ̀ dànù, o fi epo pa á lára, o tì í sínú oven." Inú oven tèmi, ìkòkò ni mò ń kó síbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé sítóòfù náà dé. Mo ní mà á sè é bí ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mi ò fetí sí dáadáa nínú ohùn yẹn ni "kàn".

Ní Bódìjà, àwọn elẹ́fọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń na gbọ̀ọ̀rọ̀ sí mi. Mo ní mi ò wá ra ewé, pé èso rẹ̀ ni mò ń wá. Ìyá àgbàlagbà kan gbé ọ̀kan jáde lábẹ́ àtẹ, ó tóbi tó àpótí ìdáná. Ó ní, "Fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò. Bí èékánná ò bá wọlé, ó gbó nìyẹn." Mo tẹ̀ ẹ́ títí, èékánná ò wọlé. Inú mi dùn, mo sanwó. Ó yẹ kí n ti bi ara mi léèrè níbẹ̀ pé ohun tí kò gba èékánná, ṣé á gba ọ̀bẹ?

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé, mo gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá Ìbejì ń wo bọ́ọ̀lù ní pálọ̀. Mo ki ọ̀bẹ bọ elégédé. Ó wọlé níwọ̀n ìka méjì, ó dúró. Mo tì í, kò lọ. Mo fà á, kò bọ̀. Mo fi orúnkún ti elégédé, mo fi ọwọ́ méjèèjì di èèkù ọ̀bẹ mú, àwa méjèèjì jọ ń yí lójú kan náà bí àwọn tó ń jìjàkadì. Òógùn bò mí. Mo wá ṣe ohun tí ìyá mi máa ń ṣe: mo gbé e sókè tòun ti ọ̀bẹ lára rẹ̀, mo là á mọ́ orí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbì! Kò sán.

Mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì.

Ibí yìí ni gbogbo ẹjọ́ wà. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọ́ àgbọn rí, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ń gbé e?

Èyí kò dún gbì mọ́. Ó dún rìgìdì. Elégédé gba ojú fọ̀máíkà kọjá, ó gba pẹpẹ tí àwo wà kọjá, ó lọ jókòó sórí àpò gàrí nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀bẹ sì wà lórí rẹ̀ bí adé. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń rò ó pé aṣọ tábìlì wa tó láwọ̀ ewé á bo ihò náà dáadáa. Àfi bí kọ́bọ́ọ̀dù ṣe rọra kúnlẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Abọ́ ìfọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ bá a lọ. Páìpù tó wà lára abọ́ náà já. Omi yọ lára ògiri, ó ń bá mi lójú. Àwọn ikán tú síta, wọ́n dúró gbagidi lórí pákó, bí ayálégbé tí onílé lé jáde láìfún wọn níwèé.

Bàbá Ìbejì sáré dé pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́. Kó tó lanu, dírọ́ọ̀ kan já bọ́ sínú omi, ìwé kan sì léfòó jáde láti inú rẹ̀, ó rọra ń bọ̀, ó rọra ń bọ̀, ó lọ dúró síwájú ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Mo ti kọ ILÉ ÌDÁNÁ TUNTUN gàdàgbà sórí ojú-ewé yẹn, mo fa ìlà mẹ́ta sí i nídìí.

Olùkọ́ ìṣirò ni ọkọ mi. Omi ń ya, àwo ń fọ́, ó dúró, ó kà á délẹ̀.

"Àròpọ̀ yìí ò tọ́," ó ní. "O ò fi owó púlọ́ḿbà sí i."

"Bàbá Ìbejì, omi!"

"Mo rí omi. Mo rí déètì náà. Látoṣù Kẹta lo ti ń gbèrò ẹ̀."

Táyé ló sáré lọ pa omi lẹ́nu táǹkì. Nígbà yẹn, àpò gàrí ti mu omi yó, ó ti ń wú. Bó ṣe ń wú ni elégédé ń gòkè lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní ìbàjẹ́ kankan lára, ó ń wò wá láti inú ihò. Ẹnu ibẹ̀ la wà tí mo gbọ́, "Ẹ kú ilé o!" Mo yí padà, mo kúnlẹ̀ kí Ìbàdíàrán nínú omi gàrí.

"Ìyàwó wa," ó ní, "kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Elégédé ni."

Níta lábẹ́ igi máńgòrò la ti wá dáná, lórí àdògán tí mo fi ń yan àgbàdo. Kẹ́hìndé dojú odó dé, ó gbé elégédé ka ìdí rẹ̀, ó gbé àdá. Pà! Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọkọ mi yíjú wò mí. Mi ò wo ojú rẹ̀.

Inú elégédé pọ́n bí epo tuntun, okùn inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, kóró kún un fọ́fọ́. A yọ kóró sọ́tọ̀, àwọn ìbejì fi iyọ̀ yan án nínú agbada, wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà. Mo bó o, mo gé e ní gẹ́gẹ́-gẹ́gẹ́. Mo gbé epo pupa kaná, mi ò jẹ́ kó gbóná jù, mo da àlùbọ́sà sí i, mo da ata rodo àti tòmátì tí mo gún sí i, irú wòrò ìkúnwọ́ kan, iyọ̀. Mo da elégédé lé e, mo dé e. Mi ò fi omi sí i, elégédé ń gbé omi tirẹ̀ wá. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú epo, tí òórùn irú sì ti dé ilé kejì, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Sísè rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Lílà rẹ̀ ló gba wákàtí méjì àti kọ́bọ́ọ̀dù kan.

A fi bu iṣu. Ìbàdíàrán jẹ ẹ́ títí ó fi lá ìka. Bàbá Ìbejì bù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ó ń fi ṣíbí wá ìdí àwo bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Nígbà tí kò rí ẹran, ó gbé fóònù, olùkọ́ kì í sinmi, ó ní ṣé a mọ̀ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni elégédé ti wá, ata àti tòmátì náà bẹ́ẹ̀, pé irú, epo àti iṣu nìkan ni ọmọ onílẹ̀ nínú oúnjẹ yìí. Ìbàdíàrán ò dá a lóhùn. Ilé ìdáná ló ń wò láti ẹnu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, inú èyí ni ìyàwó wa ti ń dáná fún yín láti ọjọ́ yìí?"

"A máa tún un ṣe níparí ọdún."

"Ìparí ọdún wo?"

Ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wá ẹni tó máa bi í ní ìbéèrè yẹn.

Ọjọ́ Ajé ni bíríkìlà dé. Mi ò rí gbogbo ohun tó wà nínú ìwé. Fèrèsé ò fẹ̀ sí i, táìsì ò ju ìdajì ògiri lọ. Ṣùgbọ́n kọnkéré ni wọ́n fi ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, ikán tó bá lè jẹ ẹ́ kó máa jẹ ẹ́ lọ, ẹ̀rọ omi ọlọ́rùn lékelèke sì wà níbẹ̀, ìkòkò ńlá ń gba abẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà wo pákó tó wó, ó wo ihò roboto tó wà láàárín rẹ̀, ó ní, "Màmá, kí lẹ fi lù ú?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún rí elégédé rà ní Bódìjà, kò wọ́n rárá. Ẹnu géètì ni Bàbá Ìbejì ti pàdé mi. Ó wo ohun tó wà lórí mi.

"Ìyá Ìbejì, ibo ni èyí ń lọ?"

"Ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi sè."

Ó wo elégédé, ó wo ọ̀nà ilé ìwẹ̀ wa, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì lásìkò òjò, tí mi ò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba elégédé lórí mi bí ẹni gba ìkókó, ó gbé e sínú búùtù mọ́tò, ó tì í, ó ki kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ní tí mo bá ti ṣe tán àtisè é, kí n pe òun, òun á là á níta fúnra òun.

Mo ní ó ṣeun. Ìwé ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti sá a gbẹ. Ojú-ewé ilé ìwẹ̀ ló tẹ̀lé ti ilé ìdáná, mo sì ti fi owó púlọ́ḿbà sí i lọ́tẹ̀ yìí.