Linux wo ló yẹ laptop tòkunbọ̀?

Bí RAM rẹ̀ bá jẹ́ 4GB, Linux Mint Xfce ni kó o gbé sí i. Bó bá tó 8GB, mú Mint Cinnamon. Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows; Mint jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ kan, Xfce àti Cinnamon sì ni ojú iṣẹ́ tó o lè yàn fún un, Xfce ló fúyẹ́ jù nínú méjèèjì. Èèyàn lè pa àlàyé tó kù tì, kó sì bá ibẹ̀ lọ.

Látìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí Windows 10, lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti di ọmọ òrukàn. Windows 11 ò gbà wọ́n, torí TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò inú kọ̀ǹpútà) àti prósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹjọ sókè ló ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ laptop ọ̀hún ò bàjẹ́ o.

Inú Ubuntu, tóun náà jẹ́ Linux, ni Mint ti yọ, Menu rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lápá òsì níbi tójú ti mọ̀ ọ́n. Mint 22 á máa gba àtúnṣe ààbò títí di 2029. Ubuntu fúnra rẹ̀ dáa, àmọ́ GNOME, ojú iṣẹ́ tó ń lò, máa ń jẹ RAM. Kali, Linux àwọn tó ń dán ààbò kọ̀ǹpútà wò, ńkọ́? Àwọn tó ṣe é gan-an ló ní kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán dírágónì tó jẹ́ àmì Kali ló ń tan àwọn ọmọ wa.

Dán an wò lórí flash ná. ISO rẹ̀, ìyẹn fáìlì Mint tí wàá gbà sílẹ̀, súnmọ́ 3GB, nítorí náà ra dátà òru. Fi Rufus, ètò kan lórí Windows, kọ ọ́ sórí flash 8GB; gbogbo nǹkan tó wà lórí flash yẹn á pa rẹ́. Bó o bá tan laptop, máa tẹ F9 bó bá jẹ́ HP, F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí ThinkPad, kó o sì yan flash náà. Gbọ́ ohùn rẹ̀, pa ìdérí rẹ̀ dé kó o tún ṣí i, wò ó bóyá á jí.

Wi-Fi ló máa ń dáni láàmú jù. Ṣí Terminal, ibi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, kó o tẹ `lspci | grep -i network`. Bó o bá rí Intel, fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ Broadcom, irú BCM43142, parí ìfisórí ná, fi okùn so fóònù mọ́ ọn, tan USB tethering, kó o wá ṣí Driver Manager, kó o fi dráífà rẹ̀ (ètò tó ń mú Wi-Fi ṣiṣẹ́) sí i. Bí Secure Boot (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ètò wò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn) bá wà ní títàn, á ní kó o yan password kan. Tó o bá tún un tàn, ojú búlúù kan á yọ, á sì máa ka 10 wálẹ̀ sí òdo. Tètè tẹ bọ́tìnnì èyíkéyìí, yan Enroll MOK, fi password yẹn sí i. Bó bá kọjá mọ́ ọ lójú, dráífà ò ní wọlé, wàá sì máa rò pé Wi-Fi ti kú.

Ṣé Windows á ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Linux? Kó fáìlì rẹ pamọ́ síbòmíì, pa BitLocker (àgádágodo tí Windows fi ń ti dísíìkì), kó o sì tẹ `powercfg /h off` nínú Command Prompt alábòójútó. Àṣẹ yẹn á pa Fast Startup; òun ni kì í jẹ́ kí Windows kú tán, oorun ló máa ń sùn, Linux ò sì ní lè kọ nǹkan sínú dísíìkì rẹ̀. Bátìrì tòkunbọ̀ ò ṣeé gbọ́kàn lé: má ṣe gé dísíìkì (pín in fún Windows àti Linux) láìsí iná.

Lẹ́yìn náà, aago Windows á fi wákàtí kan rẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Aago UTC (aago àgbáyé) ni Linux ń kọ sínú ẹ̀rọ, Windows á sì kà á bí aago ilé. Tẹ `timedatectl set-local-rtc 1` nínú Terminal Linux, á tún un ṣe.

Kó o tó dìde níbẹ̀, ṣí Keyboard nínú Menu Mint, wọ Layouts, fi Yoruba kún un, kí ẹ, ọ àti ṣ lè wà lábẹ́ ìka rẹ.