Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Mú? Ọ̀rọ̀ Mi sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Tí Iléèwé Yín Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ra Tábúlẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, láti ìgbà tí sáà ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn kan nínú yín ti ń pè mí, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo yín ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, iléèwé wa ti ra tábúlẹ́ẹ̀tì o. Áàpù wo ló dáa jù?" Inú mi dùn pé ẹ rántí mi. Àmọ́ ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú, ibi tí àwa ti fẹsẹ̀ kọ gan-an lẹ sì kọrí sí yẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Mi ò ní fi ohun tí ẹ ti mọ̀ dí yín lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé tábúlẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní àpò, ẹ mọ̀ pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti wo ẹ̀kọ́ náà látòkèdélẹ̀ kó tó wọ kíláàsì, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ mọ́ínmọ́ín tán gbọ́dọ̀ fọwọ́. Mo ti to ìyókù sí nọ́ńbà.

Èkíní, iná. Ṣáájà kan máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 10. Tábúlẹ́ẹ̀tì 30 á jẹ wáàtì 300, fún wákàtí bíi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìnfátà kékeré lè gbé e bí bátìrì rẹ̀ bá le, àmọ́ kò ní lè gbé e pọ̀ mọ́ fáànù àti fíríìjì ọ́fíìsì pírínsípà. Ẹ yanjú ìyẹn kí ẹrù tó dé. Bí ọlidé gígùn bá dé, ẹ má tọ́jú wọn pẹ̀lú bátìrì tó ti gbẹ tán, ẹ má sì ṣáàjì wọn kún dẹ́nu. Ìdajì ló dáa. Bátìrì lithium tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo fún oṣù mélòó kan sábà máa ń kú tí kì í jí mọ́. Èyí tí ẹ bá rí tí ẹ̀yìn rẹ̀ wú, ẹ má ṣe ṣáàjì rẹ̀ mọ́ láéláé.

Èkejì, dátà. Ẹ má gbé ẹ̀kọ́ yín lé íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ iléèwé, jáde ní 2013, nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, inú ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n kó ìwé kíkà àti ìbéèrè àtijọ́ WAEC àti JAMB sí. Àwọn èèyàn bú wọn lórí owó, wọ́n bú wọn lórí tábúlẹ́ẹ̀tì 150,000 tí wọ́n ní àwọn fẹ́ pín, èmi náà sì bá wọn dá sí i. Àmọ́ ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbọ́n ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta áàpù fún wa lónìí lọ. Ní tiyín, áàpù ẹ̀kọ́ kan wà tó ń jẹ́ Kolibri, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ó gbé e sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, ẹ ó so láptọ́ọ̀pù náà mọ́ router olówó pọ́ọ́kú, gbogbo kíláàsì á sì máa wo fídíò kí wọ́n sì máa ṣe ìdánwò láti orí rẹ̀ láìná kọ́bọ̀ lórí dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti dáńlóòdù ẹ̀kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀kẹta, kọ́kọ́rọ́. Ibí yìí ni nọ́ńbà mi ti máa dàrú, torí ibí ni ọgbẹ́ wà.

Iléèwé aládàáni kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ máàtì nígbà náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá onísùkúù lọ síbi ìpàtẹ kan l'Ékòó, ó sì mú aṣojú ilé-iṣẹ́ kan bọ̀, ọmọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn oṣù kẹta, tí òyìnbó ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní gbogbo ọmọ SS ló máa ní tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ìwé á wà nínú rẹ̀, ìdánwò á wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà ni yóò máa máàkì, òun náà ni yóò máa ro máàkì pọ̀. Àwọn òbí ni yóò san án, wọ́n á pín in mọ́ owó iléèwé táàmù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti di tiwọn.

Mo na ọwọ́ sókè ní ìpàdé yẹn. Mo ní, "Ta ló máa lè ṣí i, ta ló sì máa lè tì í?" Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn á máa bójú tó o láti Èkó, kí àwọn ọmọ má baà máa fi wo ìsọkúsọ. Pírínsípà ní, "Tíṣà máàtì, ẹ jẹ́ ká máa ní ìgbàgbọ́ díẹ̀díẹ̀." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo délé, mo kọ lẹ́tà olójú-ìwé kan. Mo ní kí iléèwé gba páásíwọ́ọ̀dù alábòójútó, kí wọ́n máa tẹ máàkì sórí ìwé lóṣooṣù, kí wọ́n má sì yọ ìwé àjákọ kúrò nínú ohun tí òbí ń rà. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ lé e, ó sì fi ẹ̀dà kan lé mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló parí sí.

Kí n má purọ́ o, ọdún àkọ́kọ́ dùn. Àwọn ọmọ tí kò lè la ẹnu béèrè ọ̀rọ̀ ní kíláàsì ń dá ìṣirò ṣe lábẹ́ igi. Áàpù náà fi hàn mí pé àwọn SS1 tí mo rò pé wọn ò mọ ọ̀nà yanjú ìṣirò onílẹ́tà mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmì ìyọkúrò tó bá wà níwájú bírákẹ́ẹ̀tì ló ń gbé wọn ṣubú. Bó ṣe pẹ́ tó tí mo ti ń máàkì ìwé wọn, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní mo kórìíra tábúlẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ mí.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ṣí kúrò lórí pátákó. Àwọn tíṣà kan ò kọ nóòtù mọ́. Wọ́n yọ ìwé àjákọ kúrò ní bíi iṣẹ́ márùn-ún. Máàkì sì wà níbi kan ṣoṣo, orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, àwọn ará Èkó.

Dọ́là gbówó lórí. Ilé-iṣẹ́ náà ní owó áàpù ọdọọdún ti lé. Bàbá onísùkúù ní òun ò san, ṣebí wọ́n ti ní ó ti di tiwa. Wọ́n kọ lẹ́tà síra, wọ́n bú ara wọn lórí fóònù, àwa tíṣà ò sì gbọ́ nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí àwọn SS3 ń múra fún mọ́ọ̀kì, mo wà níwájú kíláàsì tí ọmọbìnrin kan gbé tirẹ̀ sókè: "Sà, ó ní kí n kàn sí alábòójútó." Ẹni tó jókòó tì í ní, "Sà, tèmi náà." Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti kárí gbogbo ìlà. Àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ọlidé ti dé.

A gbé ọ̀kan lọ sí Queen Cinema, sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe. Ọmọ náà nu gbogbo inú rẹ̀ dànù, ó tan, inú wa dùn. Ló bá béèrè ímeèlì ẹni tó kọ́kọ́ lò ó. Ti àwọn ará Èkó ni. Wọ́n rí ọgbọ́n kan dá sí i níbẹ̀, àmọ́ bó ṣe fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ó tún ti ara rẹ̀ pa. Láti Android 5.1, ní 2015, ni Google ti fi irú ààbò ímeèlì yẹn sínú ẹ̀rọ, kí ẹni tó bá jí fóònù má baà rí i lò. Ohun tó dáa ni. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí olè ló wá mú àwa tí a ní rìsíìtì lọ́wọ́. Bí ẹni ra ilé tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò kíátékà ni ọ̀rọ̀ wa rí.

Ìbéèrè tí àwọn tíṣà ti kó síbẹ̀ lọ. Máàkì táàmù méjì lọ, bẹ́ẹ̀ WAEC ń retí máàkì iṣẹ́ kíláàsì lọ́wọ́ iléèwé. Tèmi wà nínú rẹ́jísítà, torí ọjọ́ Ẹtì-ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fi bírò dà á kọ, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará àtijọ́ ni mí. Ohun tí àwọn yòókù ṣe kí wọ́n tó rí máàkì kọ sílẹ̀, ẹ má bi mí.

Wọ́n pe àwọn òbí. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà dìde, ó ní, "Owó tí mo san, kí ni mo fi rà?" Kò pariwo. Bàbá onísùkúù wo apá ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ọ̀gá tó wà nídìí ẹ̀rọ wa rèé, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé." Èmi tí mi ò mọ páásíwọ́ọ̀dù kankan rí. Lẹ́tà mi wà nínú báàgì lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò yọ ọ́, torí a kì í tú àṣírí àgbà onírun funfun lójú agbo, pàápàá ẹni tó ń sanwó oṣù fún ni. Mo ní kí wọ́n máà bínú. Lẹ́yìn ìpàdé ni mo gbé e lọ bá a ní ọ́fíìsì. Ó kà á tán, ó dá a padà, ó ní, "Ẹ ò tẹnu mọ́ ọn tó."

Mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn létí mi títí dòní, mi ò sì tíì dárí jì í. Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò, ẹ má fọkàn lé lẹ́tà nìkan. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé pẹ̀lú orúkọ yín, kí ẹ sì sọ ọ́ létí àwọn aṣojú PTA.

Wọ́n á ní torí àwọn ọmọ ni títì náà. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2013 kan náà tí Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ni iléèwé ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín iPad. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí àwọn ọmọ bíi 300 ní iléèwé gíga kan fi rí ọ̀nà yọ ààbò orí rẹ̀ kúrò, wọ́n kàn pa prófáìlì tí wọ́n fi tì í rẹ́ ni. Ààbò tí kò dá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún dúró, onílé ló máa ń tì mọ́ ìta. Ojú tíṣà tó ń rìn láàárín àwọn àga ló ń ṣọ́ ọmọ.

Ẹ wo ọ̀nà mìíràn. Ní agbègbè Tanga ní Tanzania, níbi tí wọ́n ti dán àwọn áàpù tó ń du ẹ̀bùn Global Learning XPRIZE, ìdíje áàpù tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, wò, iná oòrùn ni wọ́n fi ń ṣáàjì tábúlẹ́ẹ̀tì ní abúlé, èdè Swahili ni áàpù sì ń bá ọmọ sọ. Ẹgbẹ́ méjì, Kitkit School àti onebillion, ló jọ pín ẹ̀bùn náà ní 2019. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n tú kóòdù àwọn márààrún tó dé ìpele ìkẹyìn síta, kí ẹnikẹ́ni lè mú un lò. Kò sẹ́ni tó lè torí dọ́là tì í mọ́ ọ lójú.

Kí iléèwé yín tó buwọ́ lu ìwé, ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí wọn ò bá san owó áàpù mọ́. Bí ìdáhùn bá ń lọ́ tìkọ̀, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ẹ ní kí wọ́n nu ọ̀kan dànù lójú yín, kí wọ́n sì tún un tàn láìpe Èkó. Ẹ béèrè ẹni tó ń tọ́jú orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbò dátà, kì í ṣe ojú rere ni ẹ ń tọrọ. Máàkì yín, ẹ máa fi bírò kọ ọ́. Kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Iléèwé yẹn ti tún ra òmíràn o, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n pè mí lọ́dún tó kọjá pé kí n wá fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han àwọn tíṣà wọn tuntun. Mo ní màá wá, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé àdéhùn tí wọ́n bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe ránṣẹ́ sí mi kí n kà á. Wọn ò tíì fi ránṣẹ́.