Kékeré Ni Mo Mú Wọ Oko: Ìrìnàjò Mi sí Suffolk Pẹ̀lú Ẹ̀rọ Awárin

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Liverpool Street ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ gba ọ̀nà Norwich, Diss ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Norfolk ni Diss wà, àmọ́ odò Waveney ló pààlà ibẹ̀ pẹ̀lú Suffolk, òdìkejì odò yẹn sì ni oko tí à ń lọ wà. Oṣù Kẹsàn-án ni. Wọ́n ti kórè àlìkámà tán, akékù rẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀. Àsìkò yìí làwọn tó ń fi ẹ̀rọ awárin (metal detector, tó ń dún bó bá gbọ́ irin lábẹ́ ilẹ̀) wá nǹkan àtijọ́ ń retí, torí àgbẹ̀ kò tíì gbin òmíràn, kò sí irè tí ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Òyìnbó àgbàlagbà kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kó tó fẹ̀yìn tì ló gbà mí lálejò. Ó ti ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi kò gbà á. Bàbá ni mo ń pè é, ó sì ti ń jẹ́ ẹ.

Ìwé ni Bàbá kọ́kọ́ gbé jáde, kì í ṣe ẹ̀rọ. Onílẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé kó máa wá nínú oko òun, wọ́n sì ti kọ bí wọ́n ṣe máa pín ohun tó bá jáde síbẹ̀. Bí ẹ bá kó nǹkan lọ láìgba àṣẹ onílẹ̀, olè lẹ jẹ́. Àwọn ibi àtijọ́ mìíràn sì wà tí òfin ọdún 1979 dáàbò bò: àní bí onílẹ̀ bá gbà, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ débẹ̀ láìgba àṣẹ ìjọba.

Ìgbà tó ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀ ni mo rí kọ́ìlì mẹ́ta. Kọ́ìlì ni abọ́ pẹlẹbẹ tó máa ń wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń fì lórí ilẹ̀. Ọ̀kan fẹ̀ tó íńṣì 15, èkejì 11, ìkẹta kò ju 6 lọ. Ojú mi lọ sí ńlá. Èmi ọmọ Ìbàdàn, kí n rí ńlá kí n mú kékeré kẹ̀?

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ná. Ìgbèrí oko náà, níbi tí ilé kan ti wà rí kó tó wó, kún fún àfọ́kù bíríkì. Ibi tí ilé ti wó, ìṣó pọ̀ níbẹ̀: ìṣó tí alágbẹ̀dẹ fọwọ́ rọ, tó ti dógùn-ún sínú ilẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ yẹn kò le púpọ̀. Wáyà ló wà nínú rẹ̀. Iná mànàmáná tó ń gba inú wáyà kan kọjá ń ran agbára òòfà sínú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan fàdákà tàbí bàbà, iná kékeré á dìde nínú ohun náà fúnra rẹ̀, yóò sì dá agbára òòfà tirẹ̀ padà. Wáyà kejì ló ń gbọ́ ọ, òun ló ń dún sí yín létí. Kọ́ìlì ńlá ń gbọ́ ohun tó jìn, ó sì ń kárí ilẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ́ pọ̀. Bí ìṣó mẹ́ta bá yí ẹyọ owó kan ká, ohùn ìṣó ló máa bo ti owó mọ́lẹ̀, ẹ ó sì fẹsẹ̀ gba orí fàdákà kọjá. Kékeré kì í gbọ́ jìnnà, àmọ́ ó lè yọ́ wọ àárín ìṣó méjì. Èyí tó tóbi tún wúwo. Apá àgbàlagbà kò lè fì í títí di ìrọ̀lẹ́.

Bí wọ́n ṣe ká wáyà náà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n ń pè ní concentric, òbírí kan nínú òbírí mìíràn ni. Ó máa ń tọ́ka sójú ibi tí nǹkan wà gan-an, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí èròjà irin pọ̀ nínú rẹ̀ ń dà á láàmú. Double-D ní wáyà méjì tó rí bíi lẹ́tà D tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra, tí ẹ̀yìn wọn sì gun ara díẹ̀. Agbára tirẹ̀ ń wọ ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú àdá, láti iwájú kọ́ìlì dé ẹ̀yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ burúkú kì í fi í yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Double-D ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Bàbá ní, èmi náà á sì sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan ṣoṣo pé kó mú Double-D oníńṣì 9 tàbí 11, kó tó máa ro kékeré mọ́ ọn.

Bàbá gbé 11 lọ sí gbalasa oko, èmi gbé 6 sí ìgbèrí. Ẹ̀kọ́ tó fún mi kò pọ̀: kí n rọra fì í, kí n má ṣe gbé e sókè lópin ọwọ́, kí abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ilẹ̀. Òjé, bọ́tìnnì, ìdérí agolo. Ó pẹ́ kí ohùn kan tó dún, tó mọ́, tó tún já. Mo yí ara mi, mo fì í láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún dún. Ilàjì ẹyọ owó fàdákà ló jáde, tín-ín-rín, tó kéré ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, àgbélébùú gígùn lára rẹ̀. Bàbá ní ayé Ọba Henry Kẹta ni. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹ bá fẹ́ ná ààbọ̀ kọ́bọ̀, ẹ ó gé kọ́bọ̀ (penny) sí méjì lójú ìlà àgbélébùú ni. Ọdún 1247 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú èyí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán kí n tó mọ̀ pé mo jókòó sínú ẹrẹ̀.

Owó ẹyọ kan ṣoṣo báyìí kì í sábà jẹ́ ìṣúra lójú Òfin Ìṣúra ọdún 1996. Bó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ wúrà tàbí fàdákà, tó ti lé ní 300 ọdún, tó sì jáde lójú kan náà, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó kọ́rónà (coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ìṣúra) létí láàárín ọjọ́ 14. Síbẹ̀ Bàbá kọ ibi tí mo ti rí i sílẹ̀, ó ní òun á gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ tó ń gba àkọsílẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àgbègbè náà. Ohun tó ti wà nínú àkọsílẹ̀ wọn lé ní mílíọ̀nù kan.

Nígbà tí à ń padà, a yà sí Hoxne, abúlé kan ní Suffolk. Lọ́dún 1992, òòlù àgbẹ̀ kan sọnù sínú oko níbẹ̀, ó sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Eric Lawes, pé kó fi ẹ̀rọ bá òun wá a. Owó àwọn ará Róòmù ló bá pàdé, wúrà àti fàdákà, nǹkan bíi 15,000, pẹ̀lú síbí àti ẹ̀gbà. Ohun tí mo fi ń yìn ín ni pé kò hú u tán: ó dáwọ́ dúró, wọ́n pe ìjọba, àwọn awalẹ̀pìtàn sì fọwọ́ ara wọn hú èyí tó kù, wọ́n rí bí wọ́n ṣe tò ó sínú àpótí. British Museum ló wà báyìí. Òòlù náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àbúrò mi ní Ìbàdàn rí fọ́tò owó náà lórí WhatsApp, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wálé, ká lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé.” Mo ní ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Ọgbà ìjọba ló yí ahoro Ọ̀yọ́ Ilé ká, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wa ilẹ̀ wá nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà láìgbàwé àṣẹ. Lọ́dún 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ tí àwọn orí idẹ fi jáde. Àwọn kan nínú wọn ti dé òkèèrè kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń lọ. Yàtọ̀ sí òfin, ilẹ̀ pupa wa kún fún èròjà irin, ìdàrọ́ sì wà káàkiri níbi tí àwọn baba wa ti yọ́ irin. Concentric á máa pariwo lásán níbẹ̀ ni.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, “Èló ni wọ́n ń ta kékeré yẹn?”