Ewúrẹ́ Jẹ Okùn Báàgì Mi Lórí Òkè

"Èló ni wọ́n fẹ́ san fún ọ?"

Ohun tí Màámi bi mí nìyẹn nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ ru ẹrù kílò 17 gun òkè fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kò sẹ́ni tó fẹ́ san kọ́bọ̀, àwa gan-an la sanwó ká tó gba ìwé àṣẹ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, àwọn aláàárù tó ń ru ẹ̀wà ní Bódìjà, èwo nínú wọn lo rí tó ń sanwó kí wọ́n tó gbé ẹrù lé e lórí?"

N kò rí èsì fọ̀. Ohùn wọn yẹn ló ń dún létí mi ní ọjọ́ kejì, ní agbedeméjì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní Aasgard Pass, tí mo fọwọ́ méjèèjì di òkúta mú, tí orúnkún mi ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe.

The Enchantments ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Washington, nínú igbó ọba tó ń jẹ́ Alpine Lakes Wilderness. Ọdún 1976 ni ìjọba Amẹ́ríkà yà á sọ́tọ̀. Adágún tó wà nínú rẹ̀ lé ní 700, kò sí títì, kò sí iná, ẹsẹ̀ ni gbogbo nǹkan. Láti àárín oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù kẹwàá, ẹni tó bá fẹ́ sùn sí Enchantments gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, bíi lọ́tìrì ni wọ́n sì ń ṣe é: ọ̀pọ̀ èèyàn á forúkọ sílẹ̀ nínú oṣù kejì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kan náà ló jẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ bá a lọ rọ́, ló bá nawọ́ sí mi.

Mo rò pé mo mọ òkè. Ṣebí mo ti gun Òkè Ìdànrè nígbà tí mo wà níléèwé, pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600. Àṣé òkè tó ní àtẹ̀gùn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Láti etí adágún Colchuck títí dé orí Aasgard kò tó máìlì kan, ṣùgbọ́n nǹkan bí mítà 670 lèèyàn máa fi ga sí i láàárín ibi kékeré yẹn. Àpáta tó fọ́ sílẹ̀ jánganjàngan ni, kò sójú ọ̀nà kan gbòógì. Òkúta kéékèèké tí àwọn tó ti kọjá tò léra wọn là ń wò láti mọ ibi tí ẹsẹ̀ kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ mi ra oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá, owó gọbọi, tó jẹ́ pé èèyàn á se omi, á dà á sí i, á tún jókòó tì í títí yóò fi rọ̀. Èmi gbé gàrí Ìjẹ̀bú. Mo bu omi adágún, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ (omi náà mọ́ bíi dígí o, ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ́ giardia lè wà nínú rẹ̀, ẹni tí inú bá sì ń ṣu lórí òkè yóò lo ṣáláńgá tí kò ní ògiri, tí kò ní òrùlé), mo da gàrí sí i, ó parí. Omi yìnyín yíyọ́ ni, ó tutù débi pé eyín ń ta mí. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń wá iná tó fi máa tan sítóòfù nígbà tí mo ti ń la ṣíbí.

Nígbà tá a dé òkè tán, n kò lè purọ́, mo gbàgbé orúnkún. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni. Àwọn igi larch tó wà níbẹ̀ máa ń wọ́wé bó bá di ìgbà òtútù, ṣùgbọ́n kí ewé wọn tó já, wọn á pọ́n bíi wúrà. Adágún kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọ̀ wọn dà bí aró tí wọ́n là mọ́ omi. N kò sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Ibẹ̀ la ti pàdé àwọn ewúrẹ́ òkè. Wọ́n funfun báláú, irun wọn kì, wọn kì í sì í sá. Iyọ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ràn ìtọ̀ èèyàn nítorí iyọ̀ inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún wa pé orí àpáta tó jìnnà sí àgọ́ ni ká máa tọ̀ sí, kí wọ́n má baà hú koríko níbi tá a sùn sí. Mo pa òfin yẹn mọ́. Ohun tí n kò rò ni òógùn tèmi. Mo fi báàgì sílẹ̀ síta lóru, mo jí láàárọ̀, ọ̀kan nínú wọn ti jẹ okùn èjìká ọ̀tún ku fọ́nrán. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí, ó ń jẹnu.

Mo ní ìró áńkárá kan tí mo fi ń bora. Mo ya á, mo fi ṣe ọ̀já, mo sì pọn báàgì náà bí ẹni pọn ọmọ. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ gba Snow Lakes nìyẹn, ọ̀nà jíjìn tí kò lópin. Bàbá òyìnbó kan tá a pàdé lọ́nà bi mí bóyá àṣà ilẹ̀ wa ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Lọ́nà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi ti dá ọ̀rọ̀ àgọ́ sílẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń lọ sí Montana, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí àrùn jẹjẹrẹ ti bá jà ní wíwa káyàkì, ọkọ̀ omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, fún ọ̀sẹ̀ kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì tó mọ oúnjẹ sè. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó ní ṣé inú ìkòkò ni mo fẹ́ wẹ̀ ni?

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ojú Màámi ni Omíyalé Ògùnpa ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1980, nílé wa kò sì sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ odò. N kò sọ fún wọn pé omi ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní àwọn aláìsàn ni mo fẹ́ lọ tọ́jú.

Oṣù keje la wakọ̀ láti Seattle dé Missoula, ó lé ní kìlómítà 700. Àwọn òkè tó yí ìlú náà ká kọlà: ìlà gbọọrọ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ibi tí etí adágún ńlá kan dé nígbà tí yìnyín dí odò lójú ní ayé àtijọ́. Odò Clark Fork ló ń ṣàn gba àárín ìlú báyìí.

Ní àgọ́ náà, orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n fi ń pe olúkúlùkù. Ọ̀rẹ́ mi ti ròyìn okùn báàgì mi kí n tó dé, ni wọ́n bá sọ mí ní Ewúrẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí láàárín wa. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá wá, títí kan alásè, ló gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń jáde nínú káyàkì. Ìdí èèyàn á wà nínú ihò, wọ́n á fi yẹ̀rì rọ́bà dé e pa bí ìgbà téèyàn dé ìkòkò. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àjẹ̀, dídojú dé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa. Ọkọ̀ á dojú dé, orí á wà nísàlẹ̀ omi, èèyàn á fi ọwọ́ méjèèjì lu ìdí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta káwọn ará òkè lè mọ̀ pé ó wà láàyè, lẹ́yìn náà ló máa tó fa okùn yẹ̀rì, kó sì ti ara rẹ̀ jáde. Lẹ́ẹ̀kíní, n kò lu nǹkan kan. Mo mumi yó. Olùkọ́ ló dá ọkọ̀ mi dúró.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà níbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí oògùn jẹjẹrẹ nínú oṣù kẹta, irun orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó wọ́ wá sínú omi, ó dúró tì mí. Ó ní, "Bó o bá lù ú, màá gbọ́." Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì àti iye ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ti kó ẹrù wọn kúrò ní wọ́ọ̀dù, ó parí. Òun ló wá ń sọ fún mi pé kí n mí. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo lù ú, mo fa okùn, mo jáde. Imú mi ta mí títí dalẹ́.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n wọ Alberton Gorge, àfonífojì tóóró tí Odò Clark Fork gbà kọjá. Èmi wà nínú ọkọ̀ rọ́bà ńlá pẹ̀lú ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù. Níbi tí wọ́n ń pè ní Tumbleweed, omi ru, ọkọ̀ ọ̀dọ́bìnrin yẹn sì dojú dé lójú mi. Mo ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá. Ọwọ́ méjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀: ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Imú ọkọ̀ ẹlòmíràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì í mú, ó fi gbé ara rẹ̀ dìde. Èébú tó bú odò yẹn, n kò lè kọ ọ́ síbí. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé mo ti gé ètè mi jẹ.

Nígbà tí mo padà délé, mo pe Màámi, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, omi àti dídojú dé. Mo dúró de ìbéèrè owó. Wọn kò béèrè. Wọ́n ní ọmọ yẹn ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti le? Mo ní ó le. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ọmọ àwọn ní ewúrẹ́, ni mo bá sọ ìtàn okùn báàgì.

"Ó jẹ okùn báàgì rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ẹ ò wá pa á jẹ?"